ÌWÒSÀN LÈ TÁN, ÌTỌ́JÚ KÌ Í TÁN

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, síbẹ̀ tí a kì í sábà jókòó yẹ̀ wò. Bí àwọn dókítà bá sọ pé oògùn tí ó wà lọ́wọ́ àwọn kò lè mú àrùn kan kúrò lára ènìyàn wa mọ́, gbèsè wo ni ó kù tí a jẹ ẹni náà? Àwọn kan á ní kò ku ohun kan àfi àdúà. Àwọn mìíràn á ní a kò gbọdọ̀ gbà. Kí a ta ilé, kí a ta mọ́tò, kí a máa gbé aláìsàn ká láti ìlú dé ìlú títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára rẹ̀. Èrò mi ni pé ọ̀nà kẹta wà láàárín méjèèjì, òun ni ó sì bá ẹ̀kọ́ Isilaamu mu jù lọ: a lè dẹ́kun eré tí a ń sá lé ìwòsàn, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ dẹ́kun ìtọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí. Jẹjẹrẹ ọmú mú ìyá kan. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wa, àrùn náà ti tàn kálẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àkọ́bí ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Èkejì ní ààfáà kan wà tí ń fi rúkíyà wo irú rẹ̀. Àbúrò ìyá náà gbé àgbo wá. Owó ń lọ, ọjọ́ ń lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá ń jẹ̀rora ní òru, kò rí oorun sùn, egbò rẹ̀ ń rùn, ojú sì ń tì í kí àlejò sún mọ́ òun. Gbogbo ènìyàn ni ó ń sáré nítorí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó jókòó tì í láti bi í pé, "Màámi, níbo ló ń dùn yín jù? Kí ni ẹ fẹ́ kí a ṣe fún yín?" Wọn kò kórìíra rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sáré. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò bá bi aláìsàn léèrè, ọkàn ẹni tí ó ní ìfẹ́ náà ni ó ń tù. Kò tu aláìsàn lára.

KÍ NI ÌTỌ́JÚ ÌDẸ̀RA?

Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní palliative care ni mo pè ní ìtọ́jú ìdẹ̀ra níhìn-ín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ara dẹ ẹni tí àìsàn rẹ̀ le, yálà jẹjẹrẹ ni, tàbí àrùn ọkàn, àrùn kíndìnrín, tàbí rọpárọsẹ̀. Kò dìgbà tí ikú bá dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. A lè máa ṣe é pọ̀ mọ́ oògùn tí ń bá àrùn náà jà láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Kò sì mọ sórí aláìsàn nìkan, nítorí ó kan àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ń bá wọn lọ lẹ́yìn tí òkú bá ti wọlẹ̀.

Ní ìlú London, obìnrin kan tí ń jẹ́ Cicely Saunders ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ó kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó sì gboyè ní 1957. Ní 1967 ó ṣí St Christopher's Hospice, ilé ìtọ́jú fún àwọn tí ìwòsàn kò sí fún mọ́. Ohun tí ó fi kọ́ ayé ni pé ìrora ní ojú mẹ́rin: ti ara, ti ọkàn, ti àárín aláìsàn àti àwọn ènìyàn rẹ̀, àti ti ẹ̀mí. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lè jẹ́ ẹni tí owó ilé-ìwé ọmọ ń jẹ lọ́kàn, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ti sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, tí ẹ̀rù àwọn ìrun tí kò kí sì ń bà. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò lè wo gbogbo rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí ti dé ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1993 Dókítà Anne Merriman dá Hospice Africa Uganda sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi hàn pé oògùn ìrora olómi tí kò wọ́n lè dé ọwọ́ tálákà nínú ilé rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tí àwọn ará ìlú mọ̀ sí Òrìtamẹ́fà, wà lára ibi tí iṣẹ́ náà ti fìdí múlẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò sì wà lára àwọn tí ó ṣe aápọn rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dọọdún, ó tó mílíọ̀nù 56.8 ènìyàn tí wọ́n nílò irú ìtọ́jú yìí, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí 14 péré ni ó ń rí i gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nǹkan àjèjì ni sí Isilaamu. Ní 1284, Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan sí ìlú Cairo, ó sì fi dúkìá ṣe wákáfù fún un kí olówó àti tálákà lè máa gba ìtọ́jú níbẹ̀ láìsan owó.

ṢÉ ÀÌNÍGBÀGBỌ́ NI?

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí a máa ń gbọ́ ni pé ẹni tí ó bá gbà pé ìwòsàn kò sí mọ́ ti sọ ìrètí nù nínú àánú Ọlọ́hun. Wọ́n á rán wa létí ẹ̀kọ́ Ànábì pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Òdodo ni. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí Usama ọmọ Sharik gbà wá, tí ó wà nínú ìwé Abu Dawud àti Tirmidhi, Ànábì fúnra rẹ̀ yọ ohun kan sílẹ̀, èyí ni ogbó. Ó fi hàn wá pé ara ọmọ ènìyàn ní òpin. Pé oògùn àrùn kan sì wà nínú ìmọ̀ Ọlọ́hun kò túmọ̀ sí pé ó ti wà lọ́wọ́ wa lónìí.

Dókítà tí ó sọ pé kò sí ìwòsàn kò sọ ọjọ́ ikú ẹnikẹ́ni. Ọlọ́jọ́ ni ó ń ka ọjọ́. Ohun tí ó ń sọ ni ibi tí agbára òun mọ. Àdúà wa kò sì gbọdọ̀ dúró. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì lágbàáyé, nínú ìpàdé wọn keje ní Jeddah ní 1992, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Wọ́n ní Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ sọ ìrètí nù nínú àánú Ọlọ́hun. Wọ́n sì tún ní ojúṣe dókítà àti ẹbí ni láti máa gbé ọkàn aláìsàn ró, kí wọ́n sì máa dín ìrora ara àti ti ọkàn rẹ̀ kù, yálà a ń retí ìwòsàn tàbí a kò retí rẹ̀. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe so méjèèjì pọ̀. Ìrètí nínú Ọlọ́hun kò dí ìdẹ̀ra lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ààlà kan sílẹ̀ gedegbe. Ìtọ́jú ìdẹ̀ra kì í ṣe pípa aláìsàn kí ó lè sinmi. Èèwọ̀ ni kí a fi ọwọ́ ara wa gba ẹ̀mí, Ànábì sì kọ̀ fún wa láti máa tọrọ ikú nítorí ìnira. Ìtọ́jú yìí kò lé ikú bá aláìsàn, kò sì fi agídí dì í mú. Ó kàn ń jẹ́ kí ọjọ́ tí ó kù fún un jẹ́ ọjọ́ tí ó ṣe é lò.

ÌRORA KÌ Í ṢE ÌJỌSÌN

Ẹ̀sùn kejì ni pé ìrora ń pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, nítorí náà kí aláìsàn ṣe sùúrù. Òtítọ́ ni pé ẹ̀gún tí ó gún Mùsùlùmí pàápàá a máa pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ tí kò yọ ọ́? Ànábì gbàjámọ̀ nígbà tí orí ń fọ́ ọ. Ànábì Ayyub, tí gbogbo ayé fi ń ṣàpẹẹrẹ sùúrù, ké pe Ọlọ́hun nítorí ìnira tí ó bá a. Síbẹ̀ nínú Súrà Sọ́ọ̀dù Ọlọ́hun yìn ín ní onísùúrù. Èyí fi yé wa pé wíwá ìdẹ̀ra kò ba sùúrù jẹ́. Láádá wà fún ẹni tí ó fara da ohun tí kò ṣe é yẹ̀. Kò sí láádá fún ẹni tí ó rí oògùn tí yóò mú ara tu ìyá rẹ̀, tí ó wá ní kí ìyá máa ṣe sùúrù. Sùúrù ara ẹni ni à ń ṣe; a kì í fi ìrora ẹlòmíràn ṣe sùúrù.

Láti 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìlànà bí àtẹ̀gùn kalẹ̀ fún ìrora jẹjẹrẹ: kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí oògùn kékeré bíi parasitamọ́ọ̀lù, kí a gòkè sí èyí tí ó lágbára jù ú lọ, títí dé orí mọ́fíìnì bí ìrora bá le. Ẹ̀rù mọ́fíìnì ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí inú oje òdòdó kan náà tí a ti ń rí afyūn ni ó ti ń wá. Ibn Sina, tí ó kú ní 1037, ti kọ nípa afyūn yìí gẹ́gẹ́ bí oògùn ìrora nínú ìwé rẹ̀, Al-Qanun. Wọ́n á ní oògùn náà yóò di bárakú, tàbí pé yóò tètè pa aláìsàn. Bí dókítà bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré, tí ó ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ bí ìrora ṣe ń fẹ́, kò wọ́pọ̀ kí aláìsàn jẹjẹrẹ sọ ọ́ di bárakú, kò sì sáré pa á. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé kì í jẹ́ kí ìgbẹ́ yà dáadáa. Oògùn tí ń mú inú rọ̀ ni wọ́n sì máa ń fi kún un. Ohun tí ó léèwọ̀ ni kí ẹni tí ara rẹ̀ le máa mu ún fún fàájì. Ẹni tí ìnira bá ti ká mọ́, òfin ṣẹríà fúnra rẹ̀ ti fún un láyè.

Apá ti ẹ̀mí náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó ti pa ìrun tì nítorí pé ìtọ̀ ń kán lára wọn tàbí pé wọn kò lè dìde. Kí a jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Ànábì sọ fún Imran ọmọ Husayn pé kí ó kírun ní ìdúró, bí kò bá lè ṣe é kí ó jókòó, bí kò bá sì lè jókòó kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Tayamọ́mù wà fún ẹni tí omi lè pa lára. Ẹni tí ìtọ̀ kò dúró lára rẹ̀ lè ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò sì retí àtigba ààwẹ̀ mọ́ yóò máa bọ́ aláìní kan dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ kékeré yìí nìkan lè gbé ẹrù ńlá kúrò láyà aláìsàn.

Ọ̀RỌ̀ IKÚ KÌ Í PA ÈNÌYÀN

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù láàárín àwa Yorùbá nìyí. Bí dókítà bá sọ̀rọ̀, ìta ni a máa ń pè é sí kí aláìsàn má gbọ́. A óò wọlé padà, a óò rẹ́rìn-ín, a óò ní, "Wọ́n ní ẹ máa tó dìde." Bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, a óò pa á lẹ́nu mọ́: "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ a rí i." A rò pé ìrètí ni a fún un. Ṣùgbọ́n aláìsàn kì í ṣe ọmọdé. Ara rẹ̀ ti sọ fún un. Ohun tí irọ́ wa ń ṣe ni pé ó ń fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó mọ̀.

Ẹ gbọ́ ìtàn Sa'd ọmọ Abu Waqqas, tí ó wà nínú Bukhari àti Muslim. Àìsàn líle dá a wólẹ̀ ní Mákà ní ọdún hájì ìdágbére, ó sì rò pé ikú ni. Ànábì wá bẹ̀ ẹ́ wò. Sa'd sọ fún un pé òun ní dúkìá, ó sì béèrè bóyá kí òun fi ìdá méjì nínú mẹ́ta ṣe sàráà. Ànábì ní rárá. Ó ní ìdajì ńkọ́? Ànábì ní rárá. Wọ́n wá fẹnu kò sí ìdá kan nínú mẹ́ta, Ànábì sì fi kún un pé èyí pàápàá pọ̀, nítorí ó sàn kí ènìyàn fi àwọn ajogún rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun ìní ju kí wọ́n máa tọrọ jẹ. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì ṣàdúà ìwòsàn fún un.

Ẹ kíyè sí i: Ànábì kò ní kí Sa'd pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó bá a jókòó sídìí ọ̀rọ̀ ikú, ó bá a ṣírò dúkìá, ó sì tún tọrọ ìwòsàn fún un ní ìjókòó kan náà. Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí Sa'd? Kò kú! Ó gbé ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, òun ni ó ṣe olórí ogun Mùsùlùmí ní Qadisiyyah. Ọ̀rọ̀ ikú tí wọ́n sọ kò pa á.

Ẹni tí a bá fi òótọ́ pamọ́ fún, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní ráyè san gbèsè, kò ní ráyè ṣe wásíyà, kò ní lè pe ẹni tí ó ṣẹ̀ láti tọrọ àforíjì, kò ní lè sọ fún aya rẹ̀ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Mélòó nínú ìjà ogún tí ó ti tú ilé ká ni kì bá tí wáyé bí baba bá ti mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ̀rọ̀! Mi ò sọ pé kí a ju òótọ́ lu aláìsàn bí òkò o. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Kí a kọ́kọ́ bi í léèrè bí ó ti fẹ́ mọ̀ tó, kí a sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tí ó fọkàn tán jùlọ wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, a kò ní fi dandan mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá béèrè, kí a má purọ́ fún un.

ẸNI TÍ Ó ṢẸ́ KÙ

Nígbà tí ẹ̀mí bá bọ́, ìtọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ kù síbì kan ni. Bí opó tàbí ọmọ bá ń sunkún, àwọn kan á máa bá a wí pé Mùsùlùmí kì í sunkún. Níbo ni wọ́n ti rí i? Nígbà tí Ibrahim, ọmọ Ànábì, kú ní kékeré, omijé bọ́ lójú Ànábì. Ó ya Abdur-Rahman ọmọ Awf lẹ́nu, Ànábì sì dá a lóhùn pé àánú ni. Ohun tí a kọ̀ ni kí a máa ya aṣọ, kí a máa lu ara, kí a máa ké ohun tí kò yẹ sí Ọlọ́hun. Àwọn baba wa náà mọ èyí tí wọ́n fi ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

A tún máa ń retí kí ọ̀fọ̀ tán lójú ẹsẹ̀. Lóòótọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀fọ̀ ẹlòmíràn, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá sì ni ti opó. Ṣùgbọ́n òfin ohun tí a óò ṣe nìyẹn, kì í ṣe òfin ohun tí ọkàn yóò máa rò. Àwọn onítàn pe ọdún tí Khadijah àti Abu Talib kú ní Ọdún Ìbànújẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, bí Ànábì bá pa àgbò, ó máa ń fi ẹran ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ Khadijah. Ìrántí kì í ṣe àìgbà fún Ọlọ́hun.

Nígbà tí Ja'far ọmọ Abu Talib kú sójú ogun Mu'tah, Ànábì lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀, ó fà wọ́n mọ́ra, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pàṣẹ kí wọ́n se oúnjẹ fún ará ilé Ja'far, nítorí ohun tí ó bá wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè ronú oúnjẹ. Ní tiwa ńkọ́? Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ ni ó ń yá owó ra màlúù ní ọjọ́ kẹjọ àti ogójì, kí àlejò lè jẹ. Òun ni ó yẹ kí a bọ́, òun ni ó ń bọ́ wa! Tí ìkòkò bá ti kúrò lórí iná tán, gbogbo wa a ti lọ, ilé a wá dá ṣáká. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìrònú "ìbá ṣe pé a tètè gbé e lọ" máa ń wọlé. Kí a fi pẹ̀lẹ́ rán ẹni náà létí pé kádàrá Ọlọ́hun ti ṣẹ, ó sì ti sa gbogbo ipá rẹ̀.

OHUN TÍ JÁNMỌ́Ọ̀ LÈ ṢE

Ní ilé kéwú wa, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ṣe ń wẹ òkú, bí a ṣe ń dì í, àti bí a ṣe ń kírun sí i lára. Ó yẹ kí a máa kọ́ wọn pẹ̀lú ní bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tí kò tíì kú. Kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan yan àwọn tí yóò máa bẹ aláìsàn wò ní ilé, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin. Kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì tí ó wà nínú jánmọ́ọ̀ láti kọ́ wọn ní bí a ṣe ń yí aláìsàn padà ní bíi wákàtí méjì-méjì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà di egbò, bí a ṣe ń fi òwú tútù pa ẹnu tí ó gbẹ, àti bí a ṣe ń nu egbò mọ́. Kí wọ́n má jókòó pẹ́ jù, kí wọ́n má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Kí ẹnìkan dúró ti bàbá ní òru ọjọ́ kan kí ìyàwó rẹ̀ lè sùn. Bí wákàtí ìkẹyìn bá dé, kí wọ́n máa sọ kálímà ṣàhádà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí i létí, kí wọ́n má ṣe fi agídí mú un. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, nígbà tí àgbàlá ti ṣófo, kí wọ́n padà lọ kí opó àti àwọn ọmọ òrukàn, kí wọ́n gbé oúnjẹ dání.

Nínú àpò sàráà mọ́sálásí wa, owó aṣọ òkú kì í wọ́n. Kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún owó oògùn ìrora, nígbà tí ẹni náà ṣì lè sọ fún wa pé ara tu òun.

Ọlọ́hun Ọba kí Ó wo àwọn aláìsàn wa sàn. Èyí tí ìwòsàn rẹ̀ bá jẹ́ ìpadàbọ̀ sí ọ̀dọ̀ Rẹ̀, kí Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn fún un, kí Ó má sì jẹ́ kí òun nìkan dá a rìn. Kí Ó rọ àwọn tí ó fi sílẹ̀ lọ́kàn. Àmín.